Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Mí Ṣe Ènìyàn

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo tẹ ìwé òfin náà. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi to lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òfin kìíní títí dé ogójì. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ìjọba, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí òórùn tádàwà ti wọ ògiri rẹ̀ débi pé aṣọ mi kì í gbọ́ ti ọṣẹ mọ́. Bí àṣìṣe bá wọ inú ìwé, èmi ni wọ́n ń pè. Bí àṣìṣe ò bá sí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà láyé.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń ṣèjọba lé àwa aláwọ̀ funfun lórí. Ayé ìgbà bàbá bàbá mi ni ọkọ̀ ojú omi wọn dé. Wọ́n ní àwọ̀ wa kò tíì jinná, pé Ẹlẹ́dàá yọ wá lórí iná kó tó yẹ, pé làákàyè wa náà kò jinná. Wọ́n sọ wá ní Abóra, torí pé oòrùn máa ń bó wa lára. Wọ́n wá ṣòfin pé Abóra kankan kò gbọ́dọ̀ jáde ní ọ̀sán gangan, pé ìfẹ́ tí àwọn ní sí wa ló fà á. Ọ̀sán gangan náà ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ilé ẹjọ́ o, àti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀. Ẹ ò rí ìfẹ́ bí!

Ẹ̀rọ tí mo ń lò níbi iṣẹ́, bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó rọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ayùn irin ha á kúrò, wọ́n fi ọ̀dà kun ún, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri òkè rẹ̀ pé, ‘Àwa la kọ́ wọn ní ìwé.’ Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti ṣépè fún un títí, èpè ti tán lẹ́nu mi.

Káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Káàdì Ènìyàn. Abóra tó bá pa ogójì òfin inú ìwé náà mọ́, wọ́n á wá yẹ ilé rẹ̀ wò, bó bá yege, wọ́n á fún un ní káàdì, ó ti di ènìyàn nìyẹn. Kí ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ẹ má bi mí. Ẹni tó bá ní káàdì lè jáde lọ́sàn-án, ó lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó kàn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé wọn ò ní mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Torí pé mímú ni wọ́n ń mú wọn. Ọmọ Abóra tí bàbá rẹ̀ kò ní káàdì, tó bá ti pé ọmọ ọdún méje báyìí, ọkọ̀ ìjọba á wá gbé e lọ sí Ilé Àtúnkọ́, ìrìn ọjọ́ méjì sí ìlú. Ó di ọmọ ọdún méjìdínlógún kó tó padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin padà dé lọ́dún tó kọjá. Ó kí ìyá tó bí i lọ́mọ bí ẹni ń kí àlejò, ó jókòó sí etí àga, ó béèrè ibi tí òun ti lè fọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú ilé ìdáná, ó pa ilẹ̀kùn dé, a sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìta.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi bí. Kékeré là ń pè é. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ọmọ ọdún méje.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìṣòro wà. Òfin kẹsàn-án sọ pé: ènìyàn a máa bọlá fún ìyá rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó gbé ilé ẹlòmíràn. Ó dáa. Òfin kọkànlélọ́gbọ̀n sọ pé: ẹni tó bá ń sọ ariwo kò gbọ́dọ̀ gbé inú ilé tí ọmọdé wà. Ariwo ni wọ́n ń pe èdè wa. Wọ́n ní kì í ṣe èdè, pé imú la fi ń sọ ọ́. Ìyá wo ló wá kù lóde ayé Abóra tí kì í sọ ariwo? Ọjọ́ tí mo ń to òfin náà ni mo ti rí i. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó jọ pé òfin méjèèjì yìí ń ta ko ara wọn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá wà láàyè, kò sí bó ṣe lè pa méjèèjì mọ́.”

Ó sọ dígí ojú rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí bí ẹni ń wo àga tó ń sọ̀rọ̀. “Ìwé ìjọba kì í ta ko ara rẹ̀,” ló wí. “Ìwọ to lẹ́tà.”

Mo to lẹ́tà.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ilé ìtẹ̀wé yẹn kan náà ni wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún rán ìwé, títí abẹ́rẹ́ fi ba ìka wọn jẹ́. Eékún méjèèjì ń dùn wọ́n, ikọ́ kan sì wà láyà wọn tí kò gba oògùn. Wọn ò gbọ́ èdè ìjọba. Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kan ni mo tibi iṣẹ́ dé, mo bá àwọn àti Kékeré nínú yàrá. Ọmọ náà nawọ́ bíi tíṣà. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ èdè ìjọba tẹ̀ lé e: “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ káàbọ̀ sílé wa.” Ahọ́n wọn ń kọsẹ̀ lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ń pè é, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Kékeré náà ń rẹ́rìn-ín.

“Kí lẹ̀ ń ṣe?” ni mo fi igbe béèrè.

Ìyá mi fi èdè wa dá mi lóhùn. “Mo ń kọ́ bí mo ṣe máa kí àwọn àlejò rẹ. Bí mo bá mọ̀ ọ́n kí dáadáa, ṣé mo tún ní láti kúrò nílé ni?”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹnu yín yẹn? Bẹ́ẹ bá ya ẹnu báyìí ni wọ́n á ti mọ̀. Ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ lọ ni?”

Wọ́n mú abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n ń rán bọ́tìnì aṣọ mi kan tó já. Mo mọ̀ pé mo ti ṣe àṣejù, àmọ́ mi ò tọrọ àforíjì. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù náà sì máa ń jáde bí ìbínú lára mi. Láti kékeré ni.

A pète. Wọ́n kọ ọ́ sí mi nínú lẹ́tà pé Ọjọ́bọ̀ làwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. Mo gba àyè ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lódì kejì afárá yóò wá mú Ìyá lọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á padà lọ́jọ́ Ẹtì. Bí alábẹ̀wò bá béèrè, a ó ní wọ́n lọ kí ọmọ wọn ni. Òfin kẹsàn-án ò sọ pé ìyá ẹni ò lè lọ kí ọmọ rẹ̀.

A tún ilé ṣe bí ẹni ń gba ọba lálejò. A kó fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ìjẹun wa tà fún oníirin, torí òfin kẹtàdínlógún sọ pé ènìyàn kì í ti irin bọ ẹnu, pé ẹni tó bá kó ohun ìjà sórí tábìlì oúnjẹ, ẹranko ni. Ìyàwó mi gbọ́dọ̀ dirun. Irun wa ń yọ̀, bí wọ́n bá ṣe ń dì í ló ń tú. Ó wá lo gọ́ọ̀mù tí mo jí bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń lẹ ẹ̀yìn ìwé. Irun náà dúró gan-an, ìyàwó mi ò sì lè gbé orí lé ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àṣálẹ́ sí àṣálẹ́ ni mo ń jókòó ti Kékeré, mo ń bi í ní òfin, ó ń kà á fún mi lórí. Ọmọ náà ní ọpọlọ. Kò gba ọ̀sẹ̀ méjì tó fi mọ gbogbo ogójì náà.

Ọjọ́rú ni wọ́n dé.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Ìyàwó mi wà lójú fèrèsé, ó ń nu dígí. Ó dúró gbagidi, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá Kékeré,” ló wí. “Wọ́n wà níwájú ilé oníbàtà. Wọ́n ń bọ̀ níbí.”

Mo sá lọ wò. Lóòótọ́ ni: obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ funfun gbòò, àti akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin kan tó gbé fáìlì dání. Ilé méjì ló kù kí wọ́n dé tiwa. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé wa ní, ojú pópó ló sì kọ sí.

“Ìyá dà?”

Ìyá mi ti dìde. Wọ́n ti rí ojú mi. “Mo lè kí wọn,” ni wọ́n rọra wí. “Mo ti mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

Wọ́n mú aṣọ ìnujú, wọ́n ká a, wọ́n ti í bọ ẹnu nítorí ikọ́ wọn. Mo gbé àwọn aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo dì wọ́n mú lápá, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àpótí bàtà pẹ̀lú eékún wọn tó ń ró. Mo ti ilẹ̀kùn lé ìyá mi lórí. Ìyàwó mi kó ife wọn, bàtà wọn, ṣáálì wọn, ó rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú àpò wọn, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n wọlé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnlẹ̀. Òfin kejìlá nìyẹn: ẹni tí kò ní káàdì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ẹni tó ní, kò sì gbọ́dọ̀ dìde àfi bí ẹni náà tàbí ará ilé rẹ̀ bá sọ pé, ‘Dìde.’ Akọ̀wé yẹn, ọmọ tí mo lè bí, fi wá sórí eékún títí ó fi rí ibi tó máa gbé fáìlì rẹ̀ sí.

“Dìde,” ló wí, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, obìnrin náà, Ìyá Alábẹ̀wò tí à ń pè é, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìbá sàn fún mi ká ní ó burú. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó yin ilẹ̀ wa tó mọ́, ó fọwọ́ pa Kékeré lórí. “Ẹ wo irun yìí, ó ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹja. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.” Ó yíjú sí mi. “Èdè wa dá ṣáká lẹ́nu rẹ. Ìwọ yàtọ̀ sí àwọn yòókù.”

“Ẹ ṣeun, mà,” ni mo wí. Ẹ gbọ́, mo dúpẹ́ o! Orí mi tiẹ̀ wú díẹ̀. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú dòní.

Akọ̀wé ń fi téèpù wọn fèrèsé, ó ń ṣí ìkòkò, ó ń gbóòórùn aṣọ ìnuwọ́. Ó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ba. Nígbà tó nàró, ọ̀pá ìtilẹ̀ ìyá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a kó pamọ́, a gbàgbé ọ̀pá.

“Ta ló ni èyí?”

“Ìyá mi ni, sà.”

Ìyá Alábẹ̀wò gbójú sókè. “Ìyá rẹ? Níbo ni ó wà?”

“Wọ́n... wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mà. Lódì kejì afárá.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ wéré. “Láìmú ọ̀pá rẹ̀ dání? A jẹ́ pé o lé e jáde.” Ó mi orí. “Ìyá ni wúrà. Kò sí bó o ṣe lè gbọ́ èdè wa tó, bí o kò bá lè gbé ìyá rẹ sọ́dọ̀, o kò tíì di ènìyàn. Kọ ọ́ sílẹ̀, akọ̀wé. Òfin kẹsàn-án.”

Akọ̀wé ṣí gègé. Mo rí ẹnu gègé náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ìwé. Mo rí ọkọ̀ ìjọba níwájú ilé wa, mo rí Kékeré lójú fèrèsé rẹ̀ tó ń wo ẹ̀yìn, mo rí i tó padà dé lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, tó jókòó sí etí àga, tó ń béèrè ibi tí òun ti lè fọ ọwọ́. Gbogbo ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú kan.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà!” Ohùn mi ròkè jù. “Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà ló ń wúwo lẹ́nu mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ti kú. Ìyá mi ti kú, mà.”

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ìyàwó mi gbá ògiri mú. Mi ò wo ibi kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kàn gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe dákẹ́.

“Áà,” ni Ìyá Alábẹ̀wò wí. Ó jókòó. Ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ akọ̀wé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. “Ó ti kú, o sì tọ́jú ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Pẹ̀lẹ́. Ìyá tèmi náà kú lọ́dún tó kọjá, mi ò tíì lè kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.” Omi lé lójú rẹ̀, omi gidi. “Akọ̀wé, fún un ní máàkì kíkún lórí òfin kẹsàn-án. Òfin kọkànlélọ́gbọ̀n ńkọ́? Kò sí aláriwo nínú ilé. Òun náà, máàkì kíkún.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa òfin méjèèjì mọ́. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé sọ òtítọ́, wọn ò ta ko ara wọn rárá.

“Mi ò rí orúkọ ìyá rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ òkú,” ni akọ̀wé wí. Alátojúbọ̀ ọmọ!

“Kọ ọ́ síbẹ̀ nísinsìnyí. Kó jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba lọ́jọ́ Ẹtì.” Ó yíjú sí mi pẹ̀lú àánú. “Ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́, àbí? Ó dáa. Ọmọ rere ló ń sìnkú ìyá rẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ló pe Kékeré mọ́ra, ó fà á sí itan. “Ṣé o máa ń rántí ìyá àgbà rẹ?”

Adìẹ bà lókùn. Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wá wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí kì í parọ́ ni, mo ti nà án rí nítorí irọ́.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ló wí. “Wọ́n ti kú. Wọ́n máa ń rán bọ́tìnì.”

“Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere,” ni Ìyá Alábẹ̀wò wí.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àmọ́ akọ̀wé tún yẹ fáìlì wò. “Ó ku òfin kejìlélógún, mà. Bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ.” Ó sì rìn lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ mú.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni ikọ́ ti wá, ikọ́ kan péré, bí ẹni pé wọ́n tẹ ìrọ̀rí mọ́ ọn. Kó tó parí, Kékeré ti bú sí ikọ́ lórí itan alábẹ̀wò. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó tẹ orí ba, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń da itọ́ sára aṣọ funfun gbòò náà láìbo ẹnu. Akọ̀wé fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó fi fáìlì bo imú.

“Àìsàn Abóra,” ló wí.

“Òtútù ni,” ni Ìyá Alábẹ̀wò wí, àmọ́ òun náà ti gbé ọmọ kúrò lórí itan. “Ara wọn ò lágbára ni. Fún un lómi. Akọ̀wé, mú òǹtẹ̀ wá, ká máa lọ.”

Ó lu òǹtẹ̀ náà mọ́ káàdì kan lórí tábìlì wa. Ó lẹ fọ́tò mi mọ́ ọn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí tádàwà lè gbẹ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọwọ́ dúdú bọ̀ mí lọ́wọ́ láyé mi. “Mo kí ọ kú oríire. Láti òní lọ, ènìyàn ni ẹ́, ìwọ àti ará ilé rẹ. A ó máa yà wò yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìsọ tẹ́lẹ̀.”

A dúró títí ẹsẹ̀ wọn fi kọjá ilé kejì. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé Kékeré mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń fẹnu kò ó lórí, ó ń sọ pé, “Wọn ò ní mú ọ lọ mọ́, wọn ò ní mú ọ lọ.” Èmi lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyá mi yọ aṣọ ìnujú lẹ́nu, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Òwú aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wọn nírun. Mo na ọwọ́ sí wọn, wọn ò gbà á. Wọ́n fọwọ́ ara wọn ti ara wọn jáde. Wọ́n wo káàdì tó wà lórí tábìlì. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹnì kan tí kò rí.

Wọ́n wá ń kúnlẹ̀. Eékún kan kọ́kọ́ balẹ̀, ó dún. Èkejì tẹ̀ lé e. Ìyá mi, níwájú èmi ọmọ tí wọ́n bí.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá,” ni wọ́n wí ní èdè ìjọba. “Ẹ káàbọ̀ sílé wa.”

Kò sí ibi kan tí ahọ́n wọn ti kọsẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ èdè ìjọba tó bẹ́ẹ̀, ṣé wọn ò gbọ́ èyí tí mo sọ níta kọ́bọ́ọ̀dù? Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo wólẹ̀ tì wọ́n. Mo dì wọ́n mú léjìká, mo fi èdè wa bẹ̀ wọ́n. “Ìyá, ẹ dìde. Ẹ má ṣe èyí fún mi. Ẹ má pa mí, ẹ dìde.”

Ọwọ́ kékeré kan bò mí lẹ́nu láti ẹ̀yìn. “Bàbá!” Ẹ̀rù wà lójú ọmọ mi. “Ẹ má sọ ariwo! Wọ́n lè padà wá.”

Ìyá mi ò mira. Wọ́n wolẹ̀, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òfin sọ. Mo mọ òfin kejìlá lórí; mo mọ ibi tí kọ́mà wà nínú rẹ̀. Kò sí ‘àfi ìyá ẹni’ níbẹ̀. Mo la ẹnu, mi ò lè sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti gbà. Bí mi ò bá sọ ọ́, eékún wọn ń gbọ̀n nílẹ̀.

Kékeré wò mí, ó ń dúró. Ó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ó ṣe é bí ẹni pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, bí mo ṣe máa ń ràn án lọ́wọ́ tó bá gbàgbé. Ó bọ́ síwájú, ó nàró, ó gbé àgbọ̀n sókè bí mo ṣe kọ́ ọ.

“Dìde,” ló wí fún ìyá mi.

Ìyá mi na ọwọ́ sí ọ̀pá wọn tí alábẹ̀wò fi sílẹ̀ lórí àga, wọ́n fi ti ara wọn dìde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tẹrí ba fún ọmọ náà.

“Ẹ ṣé, ọ̀gá kékeré,” ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ fa àpò wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.